Òkìtì Ajílẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Aránṣọ ki ṣọ́bìrì bọ inú òkìtì náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì fi gbogbo ara gbé e. Ohun tó jáde kọ́ ló ń retí. Ó yẹ kí ó rọ̀, kí ó dúdú, kí ó máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹrẹ̀ ló jáde, ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ tó sùn sínú omi, òórùn tó sì bá a jáde gbá a nímú bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ọmọ aláìgbọràn létí. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mí, ó da ẹrẹ̀ náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó tún ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, apá ń ro ó, bàtà rọ́bà tó wọ̀ sì ti ń họ ọ́ ní gìgísẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í parí ara rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni òkìtì náà wà, láàárín ọgbà pákó àlòkù tí wọ́n kàn ní ìhà mẹ́ta. Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà ló ń kó ohun tó bá ṣẹ́kù ní ilé ìdáná wá síbẹ̀: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo àlùbọ́sà, èèpo ẹyin, ewébẹ̀ tó ti rọ, èso tó ti gbọgbẹ́. Wọn a dà á, wọn a fi ewé gbígbẹ bò ó, wọn a máa yí i títí yóò fi di ajílẹ̀. Nígbà tó bá jinná, wọn a pín in, wọn a sì fi gbin nǹkan sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí koríko pàápàá kì í fẹ́ hù tẹ́lẹ̀. Aránṣọ ló dá a sílẹ̀, òun náà sì ni olórí rẹ̀.

Kì í ṣe tìtorí ewébẹ̀ ló ṣe dá a sílẹ̀. Tìtorí gọ́tà ni. Kí òkìtì tó dé, inú gọ́tà ni gbogbo àjẹkù àdúgbò ń lọ, tí oníkálukú á dà á tán, á gbọn ọwọ́, á sì wọlé bí ẹni pé omi ni ìránṣẹ́ òun. Òjò kan wá rọ̀. Gọ́tà pọ gbogbo ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ lọ pọ̀ ọ́ sí. Aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé lọ́jọ́ kejì wà lára ohun tó bá ẹrẹ̀ lọ. Aránṣọ kò gbàgbé ojú ọmọbìnrin náà. Láti ìgbà tí òkìtì ti wà, gọ́tà ń ṣàn, òjò sì ń rọ̀ lóru tí kò ní láti dìde wá gbé aṣọ sókè.

Òkìtì yìí kan náà ló wá ń rùn báyìí. Kì í ṣe òórùn díẹ̀. Alága àdúgbò, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, ti fi áńkáṣíìfù bo imú wá bá a láàárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ìyá Aránṣọ, mo ti bá yín gbé e dé ibi tí agbára mi mọ. Ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́rọ̀ òní. Bí mo bá dé tí ó ṣì ń rùn báyìí, wọn á kó gbogbo rẹ̀ lọ. A ó da kọ́ńkéré síbẹ̀, àwọn onímọ́tò á rí ibi gbé mọ́tò sí."

"Alága, bí wọ́n bá kó o lọ, ẹ mọ ibi tí àjẹkù máa padà sí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́tà, ó dìgbà òjò. Ti imú, ojoojúmọ́ ni."

Ìdí nìyẹn tí Aránṣọ fi ń já òkìtì náà wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun nìkan. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń ṣe é ti wá àwáwí: èkíní ní orí ń fọ́ òun, èkejì ní òun ń retí àlejò. Nígbà tí nǹkan bá ń so èso, a máa ń jẹ́ tiwa. Ìgbà tó bá ń rùn, á di ti Aránṣọ.

"Ìyá Aránṣọ! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òkú ẹṣin lẹ ń hú níbẹ̀ ni?"

Alágbàfọ̀ ni, ọkùnrin tí ògiri rẹ̀ bá ẹ̀yìnkùlé náà tan, tó ń fọ aṣọ fún ìdajì àdúgbò. Ó gun orí àpótí, ó yọ orí lókè ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ onílé àti àlejò kún orí okùn bí ẹ̀rí.

"Bí mo bá rí ẹṣin níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mà á kọ́kọ́ gbé e wá kí o fọ̀ ọ́."

"Ẹ máa fi mí ṣeré. Oníbàárà kan dá ṣẹ́ẹ̀tì padà fún mi lánàá. Ó ní, 'Alágbàfọ̀, mo ní kí o fọ̀ ọ́ ni, n ò ní kí o sin ín.'"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Aránṣọ, ṣùgbọ́n kò ní okun tí yóò fi rín in. "Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kí o wọlé wá. Wá fi ọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ọwọ́ tí mo fi ń lọ aṣọ funfun?"

"Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo nílò."

Alágbàfọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé, ó fi ìka méjì fún imú pa. Aránṣọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín òkìtì, ó rọ́ ọ sí i lọ́wọ́. "Fún un."

Alágbàfọ̀ fún un. Omi dúdú yọ láàárín ìka rẹ̀, ó ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ju ẹrẹ̀ náà nù, ó sì gbàgbé láti di imú mọ́.

"Háà! Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́, aṣọ tí wọn ò fún ni. Ta ló bomi sí i?"

"Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi láti àárọ̀ nìyẹn. Òjò ò rọ̀. Èmi ni mò ń fi tápólì bò ó lálẹ́, èmi náà ni mò ń ṣí i láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó da omi sí i."

"Omi ò sì ní ẹsẹ̀, ká ní ó rìn wá."

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ mí." Aránṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Nǹkan yìí ní láti máa mí, bí èmi àti ìwọ. Bí ó bá mu omi yó, kò ní lè mí mọ́, rírà ló kù fún un. Èérún pákó nìkan ló lè gbà á. Káfíńtà ti fún mi ní èyí tí ayùn rẹ̀ gé jọ. Mà á pò ó pọ̀ mọ́ ọn títí yóò fi gbẹ."

"Gbogbo òkè yìí? Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé o fẹ́ bá mi ṣe é ni?"

Alágbàfọ̀ wo òkìtì, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní aṣọ òun ń gbẹ jù lórí okùn, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ti já òkìtì náà dé ìdajì kí ẹnìkan tó tún wá. Ìró ọ̀pá ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ikọ́. Bàbá Panápaná ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, onílé. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló fi ń pa iná fún ìjọba kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi nílé, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi títí di òní. Nígbà tí ọkọ Aránṣọ kú, tí àwọn ẹbí ń wo ẹrù ìyàwó, tí wọ́n sì ń wo ilẹ̀kùn, bàbá yìí ló dìde dúró láàárín wọn tó ní, "Ìyàwó ò níbi kankan í lọ." Òun náà ló fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó."

"Bàbá. Ẹ káàsán, sà."

"Mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ò bá jẹ́ kí wọ́n kúkú kó nǹkan yìí lọ. Ọjọ́ kan ló máa jó wa mọ́lé."

Aránṣọ dúró. "Kí ló máa jó wa mọ́lé, Bàbá?"

"Òun náà ni! Ìwọ ń sùn, o ò lè mọ ohun tí mò ń bá yín ṣe." Bàbá na ọ̀pá sí òkìtì, ara rẹ̀ sì nà pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́. "Ìdájí ni iná ń mú un. Wàá rí èéfín tó ń rú ní etí tápólì, fìì, fìì. Ojú mi ti mọ̀ ọ́n, iná abẹ́lẹ̀ ló burú jù. Èmi a dìde. Mà á ká tápólì kúrò, mà á da garawa kan sí i, mà á da òmíràn lé e, títí yóò fi kú pátápátá. Mà á tún bò ó padà kí n má baà dẹ́rù bà yín. Bí kì í bá ṣe tèmi ni, à bá ti di eérú."

Aránṣọ ti ṣọ́bìrì mọ́ pákó ọgbà.

Ojoojúmọ́. Bàbá àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tó ń fi ikọ́ gbé garawa láti ẹnu ẹ̀rọ omi wá sí ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ tó mọ́, láti wá pa ohun tí odindi àdúgbò ń tọ́. Ohun tó ń dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òórùn. Agbára tó ṣòfò ni. Agbára bàbá ṣòfò láti bà á jẹ́, tirẹ̀ tún ń ṣòfò láti tún un ṣe. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni, ì bá ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó ilé yóò na lẹ́gba nínú àwọn ọkọ rẹ̀?

"Bàbá, ẹ wá síbí."

Ó mú un dé igun kan tí omi kò tíì dé. Ó fi ọwọ́ wa èèpo gbígbẹ òkè kúrò. Èéfín tín-ín-rín rú jáde, Bàbá sì fà sẹ́yìn.

"O ò rí i! Lọ bu omi wá!"

"Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Bàbá."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, dé ọrùn ọwọ́. Ibẹ̀ gbóná bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Kò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó gbóná," ni Bàbá sọ.

"Ó gbóná. Ooru iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, bí ara alágbàṣe ṣe ń gbóná. Iná dà?"

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló mọ ohun tí òun sọ. Ọdún tí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó rí èéfín ní ilé ìdáná aládùúgbò kan, ó pe àwọn panápaná. Wọ́n dé tìlù tìfèrè pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n bá obìnrin kan tó ń se ẹ̀wà. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n. Láti ìgbà náà, Iná-Dà ni wọ́n ń pe Bàbá lẹ́yìn rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Gbogbo ìgbà yìí, Aránṣọ rò pé Bàbá kò mọ̀.

Bàbá mọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Gbogbo omi yẹn," ni Bàbá wí. "Òun ló ń rùn?"

"Òun ni, sà."

Bàbá gbé ojú sí ògiri Alágbàfọ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé wọ́n á gbọ́?"

Aránṣọ tún gbé ṣọ́bìrì. "Ẹ wọlé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́."

Ó wọlé. Ẹ̀yìn tó gbé nà wá ti tẹ̀ nígbà tó ń padà. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ wálẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́.

Aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò sí ibòmíràn tí yóò padà sí. Ó tẹ́ èérún pákó sílẹ̀, ó da ẹrẹ̀ lé e, ó fi ṣọ́bìrì gé e, ó pò ó, ó tún da èérún pákó lé e. Ó fa páálí ya wẹ́wẹ́ sí i. Ó kó ewé gbígbẹ abẹ́ igi wá pẹ̀lú bárò tí táyà rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ. Nígbà tí apá ọ̀tún bá kọ̀, á fi tòsì ṣe. Nígbà tí tòsì bá kọ̀, á jókòó lórí àpò, á wo ilẹ̀, á tún dìde. Kò ro nǹkan kan mọ́. Bí oòrùn ti ń rọ̀, òkìtì tuntun ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wó. Ó mú ọ̀pá gígùn kan, ó fi dá a lu káàkiri kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó fún un. Kò kán. Ó gbé e sí imú. Ó ṣì ń rùn, ṣùgbọ́n òórùn tó ń lọ ni, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lẹ́nu ọ̀nà òpópónà. Alága wọlé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e, ṣẹ́ẹ̀tì tó ń ká lọ́wọ́ wà ní èjìká rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

Alága yọ áńkáṣíìfù, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó gbóòórùn, ó sì dá áńkáṣíìfù padà sápò láìlò ó.

"Ó ti dín."

"Ó máa tán, tí ẹ bá fún un láyè."

"Ẹ ṣe é, Ìyá Aránṣọ. Mi ò ní parọ́, mi ò rò pé ẹ lè ṣe é. Kí ló ṣe é gan-an?"

"Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

"Omi? Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí?"

"Wọ́n dà á sí i ni."

"Ta ni?"

Aránṣọ gbọn èérún pákó kúrò lápá. Ní òpópónà, awakọ̀ tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Alága sọ, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Bí n ò bá mọ ọwọ́ tó bà á jẹ́, ọwọ́ yẹn á tún bà á jẹ́ lọ́la. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n á tún wá dúró sí tí wọ́n á máa pariwo. Ẹ dárúkọ ẹni náà, kí n bá a sọ̀rọ̀, kí n lé awakọ̀ yìí lọ. Bí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀, mà á ní kí wọ́n kó o. Ẹ má bínú sí mi."

Aránṣọ kò bínú sí i. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Orúkọ kan péré ló kù láàárín òkìtì àti ọkọ̀. Bí ó bá dá a, kí wọ́n tó tan iná alẹ́ ni Alágbàfọ̀ yóò ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń ra ọṣẹ, ẹni tó ń ra ọṣẹ yóò sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta á, ní àárọ̀ ọ̀la àwọn ọmọdé yóò máa fi ṣe orin: Bàbá Iná-Dà ń pa iná lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní jáde síta mọ́. Kò sì ní kú kíákíá. Yóò kàn jókòó sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Aránṣọ rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún, ó sì rí i pé òun kò ní agbára tí òun yóò fi rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni mo ń da omi sí i. Mo rò pé ó ti gbẹ jù. Mo ṣì í ṣe."

Alágbàfọ̀ la ẹnu. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi dúdú ti ṣàn lé lọ́sàn-án, ó wo Aránṣọ, ó sì pa ẹnu dé.

Alága mi orí fún ìgbà díẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún ju òórùn lọ. "Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo wa." Ó wo òkìtì náà. "Ó dáa. Wọn ò ní kó o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sọ́wọ́ yín mọ́, Ìyá Aránṣọ. Kí ni mà á sọ fún wọn? Ẹ lọ sinmi. Alágbàfọ̀, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù, ìwọ ló sì ń rùn sí jù. Ìwọ ni kí o máa bójú tó o."

"Èmi? Alága, mo ní iṣẹ́!"

"Gbogbo wa la níṣẹ́."

Alága jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń ráhùn, lẹ́yìn náà ọkọ̀ náà yí padà, ìró rẹ̀ sì jìnnà lọ.

Aránṣọ fi tápólì bo òkìtì, ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Ó fọ ṣọ́bìrì, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án sí Alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ kò gbà á.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ da omi yẹn sí i."

"Gba ṣọ́bìrì."

"Lọ́sàn-án ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo wà níbẹ̀. Ta lẹ ń bò láṣìírí?"

"O máa yí i ní gbogbo ìgbà tó bá ti tutù ní àárín. O máa bu ú, o máa fún un. Bí ó bá kán, fi èérún pákó sí i. Káfíńtà mọ̀. Bí o bá jí ní ìdájí tí o rí èéfín lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ló yá. Má bomi sí i."

"Èéfín?" ni Alágbàfọ̀ wí. Ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé ilé, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Aránṣọ máa rí ọkùnrin yìí tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sọ ọ́. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà máa lè pa á mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Alágbàfọ̀ gba ṣọ́bìrì.

"Lọ́la ńkọ́? Ṣé ẹ máa yọjú wá wò mí?"

"Lọ́la, mà á sùn."

Ó bọ́ bàtà rọ́bà, ó fi ọwọ́ kan gbé méjèèjì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kékeré jáde láìfi bàtà sẹ́sẹ̀.